Ọwọ́ Tilda Nakamarra

Oṣù kọkànlá rèé tí Tilda Nakamarra ti ń ṣe opó, kò sì tíì fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí a ti ń ṣe é ní Yarlapi, ìlú wa láàárín aṣálẹ̀ Ọsirélíà, nìyẹn: tí ọkọ bá kú, ìyàwó á kó lọ sí àgọ́ àwọn opó, á pa ẹnu mọ́, á máa fọwọ́ sọ̀rọ̀ títí àwọn ẹbí ọkọ yóò fi tú u sílẹ̀. Ẹ má rò pé ìyà ni. Tilda lè jókòó sídìí iná kó fi ọwọ́ bú èèyàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni náà tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bú.

Kelisha, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà wà ní Alice Springs, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ nítorí kíndìnrín. Láti kékeré ni ọyún ti ń jáde létí Kelisha, bíi ti ìdajì àwọn ọmọ wa. Èèyàn mẹ́rìnlá nínú yàrá mẹ́ta, ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́ látèṣí, dókítà etí tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí òjò ò bá ba ọ̀nà jẹ́: kí lẹ fẹ́ kí etí ṣe? Nílé, a ò tilẹ̀ fura pé kì í gbọ́ràn dáadáa, torí gbogbo wa la gbọ́ èdè ọwọ́. Níléèwé, wọ́n ní olódo ni.

Ìrù kangarú ni Tilda ń yan lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ìwé dé. Marlene, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ran àwọn tíṣà lọ́wọ́, ló kà á fún un. Wọ́n fẹ́ gbé Kelisha lọ sí kíláàsì ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń kun àwòrán láti àárọ̀ dọ̀sán. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kì í padà síwájú mọ́. Ẹ̀gbọ́n Marlene wọ ibẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló jáde, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ku kí Tilda fọwọ́ sí i.

“Màmá, ẹ ó sọ̀rọ̀ lọ́la o,” Marlene ní. “Àwọn ẹbí ọkọ yín á fojú fò ó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.”

“Ta ló dákẹ́?” ni ọwọ́ Tilda fi dá a lóhùn. “Ìwọ ṣáà múra láti túmọ̀.”

Ọ̀gbẹ́ni Pruett, ọ̀gá iléèwé, kò tíì lo ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì rẹ̀ ń hó bí ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tí Tilda wọlé, tòun ti Marlene àti Kelisha. Kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn Tilda, síbẹ̀ ó la ẹnu, ó ní, “Tilda, jókòó.” A ti gbọ́ èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ rí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dunni.

“A ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì,” Pruett ní. “Ìbéèrè mẹ́wàá, kò mọ ọ̀kan. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà, irú ilé tó ti wá ni. Fọwọ́ sí i níbí.”

Inú bí Tilda débi pé ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì, ó gbọ́wọ́ sókè.

“Màmá ní kí ẹ bi í lójú àwọn,” Marlene túmọ̀.

Pruett mú ìwé ìbéèrè, ó kọjú sí fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó kà á: “Mẹ́jọ lọ́nà méje?” Kelisha ń wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà.

Ohun tí Pruett ò mọ̀ ni pé oko màlúù òyìnbó ni Tilda ti ṣọmọdé, tó ń gbálẹ̀ fún wọn. Rédíò ló ń kọ́ àwọn ọmọ onílé níwèé. Wọ́n ní ọmọ dúdú ò gbọdọ̀ jókòó sídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní kó má gbá ibẹ̀. Ilẹ̀ yàrá yẹn mọ́ ju abọ́ oúnjẹ lọ. Ibẹ̀ ni Tilda ti gbọ́ èdè òyìnbó, ibẹ̀ ló ti mọ ìṣirò.

Ó kọjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ bi í.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta,” Kelisha dáhùn kíákíá.

Pruett ka èkejì, ọwọ́ Tilda gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ó ka ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n parí, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló gbà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yìn ni ọkùnrin yìí ti ń kọ sọ́mọ ọlọ́mọ látọjọ́ yìí wá.

“Òfin ò gba ìyẹn,” Pruett ní, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Etí ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò yìí. A ò sì ní tíṣà tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Kò sówó ẹ̀.”

Tilda mú ìwé tó yẹ kó fọwọ́ sí, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sórí àga, ó jókòó lé e. Marlene ò rí nǹkan kan túmọ̀ níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tilda gbé àga oníke kan láti àgọ́ opó, ó gbé e kalẹ̀ níwájú kíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Bí tíṣà bá ti ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ Tilda ń gbé e. Tíṣà kọ́kọ́ ń kọsẹ̀ ọ̀rọ̀, nígbà tó yá ó mọ́ ọn lára. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mẹ́fà mìíràn ti kúrò lẹ́yìn wá síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Pruett wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Tilda, títí di ìgbà wo?”

Marlene ò sí nítòsí. Ọwọ́ Tilda sọ̀rọ̀, Pruett ń wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Kelisha ló dìde, ó pariwo ọ̀rọ̀ bí àwọn tí etí wọn wúwo ti máa ń ṣe:

“Jaja, ìyá ìyá mi, ní Mísísì Nakamarra ni kí ẹ máa pe àwọn. Wọ́n ní nígbà àkọ́kọ́ táwọn gbọ́ ẹ̀kọ́ yín, orí ìdúró làwọn wà, tàwọn ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, àwọn gbé àga wá.”