Ohun Tí Mo Dà Sínú Kànga

Ọkọ mi ló pe àwọn tó gbẹ́ kànga ẹ̀yìn ilé wa ní Kubwa, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi búlọ́ọ̀kù mọ ẹnu rẹ̀, torí iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Kò sí omi ẹ̀rọ kankan ládùúgbò náà nígbà yẹn. Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti kú. Kànga ọkọ mi ni mo ṣì ń pè é.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí mo tọ́ láti kékeré, tí mo ń pè ní ọmọ mi, ló wọ yunifásítì, tó ń kọ́ nípa ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí lèèyàn ń fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ó ní, "Màmá, àwọn tó ń ṣòfin ò mọ ohun tó wà nínú omi tí à ń mu. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ló máa sọ fún wọn."

"Ṣé wọ́n á gbọ́?"

"Tí mo bá kọ ọ́ dáadáa, wọ́n á gbọ́ díẹ̀."

Nígbà tó dé ọdún tó kẹ́yìn, ó ní àwọn kànga àdúgbò wa lòun máa fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá òun. Olùkọ́ rẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ ṣòfin lórí kànga: bó ṣe yẹ kó jìnnà sí sókawéè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó, èyí tí wọ́n máa dí pa, àti àdúgbò tí wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ bòhóòlù fún. Ohun tí ọmọ mi bá rí ni olùkọ́ náà máa gbé lọ síbẹ̀. Ó ní àwọn méjèèjì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ìyá mi ò jẹ́ kí àlejò bá ilẹ̀ ní àìgbá rí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gbá gbogbo ẹ̀yìnkùlé, mo fọ garawa ìfami, mo ra okùn tuntun sí i. Lẹ́yìn náà mo gún álọ́ọ̀mù, mo dà á sínú kànga, mo sì da bíliìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà la máa ń ṣe tí òjò bá ti da omi rú. Lójú mi, mo kàn ń tún omi ṣe de àlejò ni.

Wọ́n dé, wọ́n bu omi sínú àwọn ìgo kékeré, wọ́n dé e pa. Olùkọ́ náà, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ní, "Màmá, omi yín mà mọ́ o." Mo fún un ní mọ́ínmọ́ín.

Nígbà tó ṣe, èsì jáde. Nínú gbogbo kànga òpópónà wa, tèmi nìkan ni kò ní kòkòrò àìsàn. Ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ mi ti ń sọ ọ́ fún mi, ìyàwó ilé kejì sì gbọ́. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ò tíì lè jókòó.

"Màmá, látòní lọ, ọ̀dọ̀ yín ni màá ti máa pọn omi tí ọmọ yìí á máa mu. Ẹ ò ní lé mi o."

Ọmọ mi ní kó máa bọ̀. Èmi ń ká okùn garawa.

Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn mẹ́rin mìíràn ti ń wá. Maíruwa, Hausa tó ń ti omi kiri nínú kẹ́ẹ̀gì, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kai, Màmá, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Òórùn bíliìṣì ti kúrò nínú omi náà nígbà yẹn. Mo bù ú tọ́ wò. Bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ ló rí. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ ibi tí sókawéè ilé kejì wà, ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan sí kànga ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìyá ọmọ náà gbé korobá rẹ̀, ó ti ń lọ. Mo di etí korobá náà mú.

"Lọ sè é kó hó dáadáa kó tó mu ún."

"Ṣebí wọ́n ní ó mọ́?"

"Ṣáà lọ sè é."

Mo wọlé lọ bá ọmọ mi nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ní kó pa á tì ná, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún un. 

"Ìgo bíliìṣì mélòó?"

"Méjì."

"Màmá, mo ti fi èsì náà ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi o."

"Pè é padà."

"Tí wọ́n bá tún un yẹ̀ wò, kànga bàbá..." Kò parí rẹ̀.

"Mo mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i," ni mo wí. "Ìgo kan ló máa ń tó tẹ́lẹ̀. Torí kí wọ́n má bàa dí i pa ni mo ṣe da méjì."

 Ó pe olùkọ́ rẹ̀, ó sì na fóònù sí mi. "Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́."

Mo sọ ọ́.  Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. A ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ ilé mélòó ló ti ṣe irú ẹ̀." Láti ìgbà náà, kí wọ́n tó bu omi nílé ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ bi onílé léèrè ohun tó dà sí i láìpẹ́.

Èmi fúnra mi ni mo lọ sílé kejì. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìyá ọmọ náà gbé ọmọ rẹ̀ sórí itan, ó ń wo ojú rẹ̀.

"Kò ṣàìsàn o, Màmá."

"Mo mọ̀. Má bù ú mọ́."

Wọ́n tún omi náà yẹ̀ wò, kò yàtọ̀ sí tàwọn yòókù. Nígbà tí òfin jáde, tiwa wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dí. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ wó ẹnu rẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù ọkọ mi sílẹ̀, wọ́n sì da kọnkéré lé e lórí. Bòhóòlù ò tíì dé. Ọmọ mi ní àdúgbò wa ti wà nínú ìwé wọn, ó sì ń lọ béèrè.

Ọwọ́ maíruwa la ti ń ra omi báyìí. Okùn tuntun tí mo rà lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo ń sá aṣọ sí.