Nígbà tí Wọ́n Kó Gáréèjì Kúrò Lójúde Wa

Ilé tí ọkọ mi kọ́ sí Ìwó kọjú sí gáréèjì àtijọ́. Iwájú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà, kọ́tà kan tí wọ́n fi pákó bò ló sì wà láàárín èmi àti àwọn ọkọ̀. Bí ọkọ̀ Kuta bá ti dé tó sì fọn fèrè, mo máa ń gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀rọ, nítorí ó ṣeé ṣe kí màmá mi wà nínú rẹ̀.

Kuta ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni màmá mi ń gbé, ẹ̀gẹ́ àti ilá ni wọ́n ń gbìn. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa ń wá. Dírẹ́bà á bá wọn gbé apẹ̀rẹ̀ sọdá kọ́tà, màá sì kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn kì í tíì jókòó tán tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé fún mi: ẹni tó bímọ, ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ oko ẹlòmíràn run. Tí wọ́n bá ti ọjà dé, wọ́n á mú abẹ́rẹ́, wọ́n á máa bá mi gán etí aṣọ títí ọkọ̀ tó ń padà lọ á fi kún. Ojú wọn ṣì ríran dáadáa nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ni kò mọ̀ pé ọwọ́ màmá mi ló parí aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ kiri.

Àmọ́ gáréèjì yẹn léwu, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Oríta ló wà. Ọkọ̀ Ilé-Ogbó ń wọlé, ọkọ̀ Ìbàdàn ń jáde, àwọn ọlọ́kadà ń gba àárín wọn, àwọn ọmọ ilé kéwú sì ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. A máa ń pariwo mọ́ àwọn dírẹ́bà, a ó sì padà sídìí iṣẹ́ wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fẹ̀yìn rìn jáde, kò rí ọmọbìnrin kan tó ń ti ilé kéwú bọ̀. Igbe àwọn obìnrin ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kí èmi àti màmá mi tó sáré dé ibẹ̀, wọ́n ti fà á jáde. Ó di wàláà rẹ̀ mú, kò sunkún, ó kàn ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Màmá mi ṣí ìborùn orí wọn, wọ́n fi bo ẹsẹ̀ náà kí ọmọ má baà rí i mọ́.

Ọmọ náà ò kú. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àgbà àdúgbò ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Wọ́n gba kánsù lọ. Nígbà tó yá, ẹnjiníà obìnrin kan wá láti Òṣogbo, ó ní àwọn ń ṣètò títì gbogbo agbègbè wa. Ó pè wá sípàdé, ó tẹ́ àwòrán ọ̀nà sórí tábìlì, ó sì fọwọ́ tọ́ka: gáréèjì á lọ sẹ́yìn ìlú, wọ́n á ṣe bọ́m̀pù síwájú ilé kéwú, wọ́n á sì fi ọ̀dà funfun kun ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ á ti máa sọdá. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún màmá mi, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti yẹ kí wọ́n ti ṣe é."

Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó béèrè bí ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ìlú á ṣe dé àárín ìlú.

Ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n kó gáréèjì lọ, mo retí màmá mi títí oòrùn fi mú. Wọn kì í gun ọ̀kadà. Ọ̀kan ti gbé wọn ṣubú rí lọ́nà Olúpọ̀nnà, látìgbà náà ni wọ́n ti búra pé àwọn ò ní gùn ún mọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Wọ́n mu omi tán kí wọ́n tó lè dá mi lóhùn.

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí, mà?"

"Kí n pè ọ́ kí o wá ṣe kí ni? Ṣé o fẹ́ pọ̀n mí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúnkún wọn ni wọ́n ń fọwọ́ pa.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pàdé wọn ní gáréèjì tuntun. Lọ́jọ́ kan tí a jọ dé, àwọn oníbàárà ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, inú ń bí wọn. Màmá mi wo àwọn oníbàárà náà, wọ́n sì tún wò mí. Nígbà tí màmá mi ń lọ, wọ́n ní, "Má dáṣẹ́ dúró nítorí mi mọ́." Wọn ò wá lọ́jà tó tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ra ilá lóko ni wọ́n ń tà á fún.

A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n màmá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí fóònù. Wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á ṣàdúrà fún mi, ó tán. Tí mo bá lọ sí Kuta lásìkò Iléyá, wọ́n á máa ṣe mí lálejò. Wọ́n á gbé àga fún mi, wọn ò ní jẹ́ kí n fọ abọ́.

Nígbà tí ẹnjiníà yẹn wá wo àwọn bọ́m̀pù, mo lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọkọ̀ Kuta ò lè máa já àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ níbí lọ́jọ́ ọjà nìkan?"

Ó fọwọ́ tọ́ka sí oríta náà. "Mo gbọ́ yín, mà. Tí a bá gba ti Kuta láyè, ti Olúpọ̀nnà á wá, ti Ilé-Ogbó á wá. Kò ní pẹ́ tí ibí yìí á fi padà di bó ṣe wà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kó máa gbé wọn wọ̀lú, a ti ń bá àwọn oníkẹ̀kẹ́ sọ ọ́. Ẹ ní sùúrù fún wa."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Àwọn ọmọ kéékèèké ti ń sọdá níwájú mi láìsí ẹni tó ń kígbe mọ́ wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Kẹ̀kẹ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo gba Kuta lọ. Màmá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Màámi, kẹ̀kẹ́ ti wà o! Ẹnu ọ̀nà mi gan-an ló máa já yín sí."

Wọ́n wá ọwọ́ mi kàn kí wọ́n tó dì í mú. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ojú wọn ti ń lọ.

"Inú mi dùn," wọ́n ní. "Àwọn tó kù á rí i gùn."

Kí òjò tó padà, màmá mi kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a sin wọ́n, mo rí ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń sunkún ju èmi ọmọ wọn lọ, tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo sún mọ́ ọn, mo béèrè ibi tó ti mọ màmá mi.

Ó yà á lẹ́nu. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń rán aṣọ ní Ìwó, àbí? Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ yín lójoojúmọ́. Ilé wọn ni mo ń gbé látìgbà tí ọkọ mi ti lọ. Àwọn ló gbẹ̀bí ọmọ yìí."

Lábẹ́ òrùlé ìyá mi ni wọ́n ti bímọ, èmi ò gbọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn òbí òun lòun máa ń wà lásìkò Iléyá, oko lòun sì wà lọ́jọ́ tí mo wá ròyìn kẹ̀kẹ́; màmá mi ò sì sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Mo ní kó jókòó. Ó sọ ọmọ náà kalẹ̀, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kó máa sọ fún mi, ohun yòówù tó bá rántí.