Ọjọ́ Tí Alhaji Sùnmọ́nù Fún Ẹ̀rọ Fọ́tòkọ́pì Ní Rìbá

Bí ẹ bá dé òpópónà kékeré tó wà lẹ́yìn Ojú Ẹlẹ́gbà, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé ti fún mọ́ ara wọn bí eyín inú ẹnu, tí ẹ sì béèrè ẹni tí Alhaji Sùnmọ́nù í ṣe, kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé ó ti kú. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé òun ni ọkùnrin tó fún ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ní rìbá.

Ojú Jemilat, ìyàwó rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹ̀rọ tuntun náà, èyí tó ń tẹ àwòrán ní aláràbarà, kò tíì pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn rárá. Abigail tó ń ta ẹja yíyan ní Ìwáyà ló gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n bá òun fi ṣe kàlẹ́ńdà. Ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lẹ owó mọ́ ọn lára láti iwájú orí dé àyà, débi pé imú àti ẹ̀rín nìkan ló kù tí èèyàn fi lè mọ̀ pé kì í ṣe báńkì. Sùnmọ́nù tẹ́ fọ́tò náà sórí gíláàsì, ó pa ìdérí dé, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, ó dákẹ́, ó wá kọ ọ́ sí ojú ara rẹ̀ pé òun kò ní ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tẹ Débọ̀ láago, ẹnjiníà tó máa ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe, tó ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta. Débọ̀ ṣàlàyé pé àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí ti dá owó mọ̀. Bí wọ́n bá ti rí náírà, wọ́n á rò pé ẹnì kan fẹ́ ṣe ayédèrú rẹ̀ ni, wọ́n á sì kọ̀. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan títí òun á fi dé. Nínú gbogbo àlàyé yìí, ohun kan ṣoṣo ló wọ Sùnmọ́nù létí: ẹ̀rọ náà mọ owó.

"Ọlọ́pàá ni wọ́n fi sínú rẹ̀ nìyẹn," ó sọ fún Jemilat. "Kí ló dé tí ọmọ yẹn ò kúkú sọ ọ́ báyẹn?"

Ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ṣàlàyé fún ẹ̀rọ náà pé opó ni ìyá yìí, pé wọ́n ti ná owó ara fọ́tò náà tán, kò sì sí nǹkan tó kù tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ kò dáhùn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà yọ lápò, ó rọra tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó dé e, ó sì tẹ bọ́tìnnì kí ẹ̀rọ lè gbà á. Ẹ̀rọ náà han, iná pupa sì tàn níwájú rẹ̀. Jemilat ní ó ti bàjẹ́. Ọkọ rẹ̀ mi orí, pẹ̀lú ojú ẹni tó ti dúró níwájú ọlọ́pàá rí.

"Kò bàjẹ́," ó ní. "Ó kéré lójú rẹ̀ ni." Ó sì fi ẹgbẹ̀rún kan náírà lé e.

Ìgbà yìí ni ẹ̀rọ náà ti ara rẹ̀ pa pátápátá. Nígbà tí Débọ̀ dé, ó ṣí ìdérí, ó bá owó níbẹ̀, ó rò pé owó ọkọ̀ òun ni wọ́n ti gbé kalẹ̀ dè òun, ó dúpẹ́, ó tì í bọ àpò. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ nọ́ńbà kan tí ẹ̀rọ fi jí, ó sì fi kọ̀ǹpútà yọ gbogbo náírà ara fọ́tò náà, ó fi òdòdó rọ́pò wọn. Abigail ní ìyá òun ti di ọgbà, ṣùgbọ́n ó gbà á. Títí Sùnmọ́nù fi kú, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé rìbá kọ́ ló ṣiṣẹ́. Á ní, "Ṣé ẹ rí i? Ìgbà tí owó dé ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ló tó gbà."

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Sùnmọ́nù. Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Alhaji, bẹ́ẹ̀ kò dé Mẹ́kà rí. Kì í ṣe pé kò lówó rẹ̀, kì í sì í ṣe pé kò nígbàgbọ́. Ọdọọdún ló máa ń lọ bá àwọn tó ń kó èèyàn lọ, tí wọ́n á dá iye lé e, tí òun náà á dá tirẹ̀. Òun àti àwọn kò kàn tíì fẹnu kò.

Bó ṣe ra ẹ̀rọ aláràbarà náà pàápàá, ìtàn ni. Ẹ̀rọ dúdú-àti-funfun ló fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tòkunbọ̀ tó ti ń wúkọ́ bí bàbá arúgbó kó tó tẹ ojú ìwé kan. Ṣùgbọ́n ayé yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ inú Yaba bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù fi iṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n ń fẹ́ àwọ̀, wọ́n ń fẹ́ dídán, wọ́n sì ń fẹ́ ẹ báyìí báyìí. Jemilat ló sọ fún un pé bí wọn ò bá ra ti ìgbàlódé, ẹ̀fọn nìkan ni yóò máa wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Ló bá mú un lọ sí ilé-ìtajà kan ní Yaba.

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ṣàlàyé fún wọn pé àwọ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, dúdú, búlúù, pínǹkì àti yẹ́lò, àti pé inú mẹ́rin yìí ni gbogbo àwọ̀ ayé ti ń jáde. Sùnmọ́nù fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Yẹ́lò yẹn," ó ní, "a ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ yọ owó rẹ̀ náà."

Ọkùnrin náà ní kò ṣeé yọ. Láìsí yẹ́lò, kò sí pupa, kò sí ewéko, kò sì sí ara èèyàn. Sùnmọ́nù ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń tẹ èèyàn ní dúdú-àti-funfun, kò sì tíì sí ẹni tó padà wá béèrè ara rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Ó lọ kírun, ó padà, ó ní ibo ni àwọn bá a dé. Jemilat fi ìborùn bojú. Àwọn oníbàárà mìíràn kò ra nǹkan mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń wá àga tí wọ́n máa jókòó lé. Níkẹyìn ọ̀gá ilé-ìtajà fúnra rẹ̀ jáde, ó já owó ẹ̀rọ náà wálẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi dúró. Bí Sùnmọ́nù ṣe san owó tán, ó béèrè ènì. Wọ́n ní ta ló ń bu ènì lórí ẹ̀rọ. Aago ara ògiri wọn ni Jemilat gbé sórí itan bọ̀ wá sílé.

Ṣùgbọ́n yẹ́lò tó fojú di yẹn kò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí tónà yẹ́lò inú ẹ̀rọ, ìyẹn ìyẹ̀fun àwọ̀ tó fi ń tẹ̀wé, tán, ó kọ̀ láti ra ojúlówó. Ó wá ọkùnrin kan rí ní Mushin tó ń bù ú tà nínú ọ̀rá bí gààrí. Débọ̀ kìlọ̀ fún un. Sùnmọ́nù ní tónà ni tónà ń jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá gba inú ẹ̀rọ náà kọjá ló ń pọ́n bí ìbẹ́pẹ.

Bàbá Akínyẹlé ló kọ́kọ́ bọ́ sí i, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, tó wá tẹ fọ́tò ọjọ́ ìbí. Ó wo fọ́tò náà títí.

"Sùnmọ́nù, ta rèé?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi ò pọ́n báyìí."

Ó yẹ kí Sùnmọ́nù tọrọ àforíjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ti ń wò ó, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ náà fọ́nnu sí. "Ẹ̀rọ ìgbàlódé ni, Bàbá," ó ní. "Inú ló ń wò. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ara yín."

Inú bí Bàbá Akínyẹlé tó bẹ́ẹ̀ tó fi gba ọsibítù lọ tààrà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gba ìtọ́jú. Ìwé pé ara òun le ló fẹ́ gbà wá fi na Sùnmọ́nù lójú. Dókítà yí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ní ibà pọ́njú ni, pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀. Nígbà tó gbádùn tán, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ gbé àkùkọ ńlá kan wá fún Sùnmọ́nù, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀rọ.

Ìròyìn kò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé Mushin kó tó di alẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Jemilat bá èrò lẹ́nu ọ̀nà, oníkálukú pẹ̀lú fọ́tò lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn wá wo inú. Sùnmọ́nù wọ aṣọ funfun. Jemilat fà á sẹ́yìn, ó bi í bóyá ó mọ̀ pé tónà Mushin ni.

"Mo mọ̀," ó ní. "Bàbá Akínyẹlé wá ńkọ́?"

Ó ń gbádùn rẹ̀ títí tó fi kan Jennifer, ọmọbìnrin kan tó yá ilé ní Yaba, tí oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa. Ó gba fọ́tò rẹ̀, ó rí bó ṣe pọ́n. Ó kàn jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Jemilat rí i tí ojú ọkọ rẹ̀ yí padà. Sùnmọ́nù lọ bá ọmọ náà, ó lóṣòó tì í tòun ti aṣọ funfun rẹ̀.

"Ọmọ mi, irọ́ ni mo pa. Tónà burúkú ni mo rà, torí pé ó pọ́ọ́kú. Kò sí nǹkan tó ṣe ọ́."

Àwọn èrò kò gbà. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe é, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ní ẹ̀bùn tòótọ́ máa ń ṣe. Ó bẹ̀ wọ́n, ó búra, wọ́n ṣe àmín. Nígbà tọ́rọ̀ sú u, ó lọ gbé àkùkọ Bàbá Akínyẹlé níbi tí wọ́n so ó sí, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó fi apá di ìdérí mú, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Àkùkọ funfun ni. Ó jáde bíi pupa ẹyin. Ó gbé ìwé náà sókè fún gbogbo èèyàn rí, ó bi wọ́n bóyá adìyẹ náà ní ibà pọ́njú ni.

Ìyá kan tó wà níwájú yẹ àkùkọ náà wò dáadáa. "Òótọ́ ni, Alhaji," ó ní. "Láti àárọ̀ ni kò ti kọ."

Kò sí ohun tó kù tó lè ṣe. Ó jáde lọ ra ojúlówó tónà, ó san iye tí wọ́n pè é láìná an, ó sì tún fọ́tò gbogbo wọn tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí Jennifer. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Jemilat máa rí i tó ra nǹkan láìná an. Nígbà tó délé, ó lọ dùbúlẹ̀, ó ní òtútù ń mú òun.

Ó ku ìtàn íńtánẹ́ẹ̀tì. Débọ̀ ló ṣèèṣì sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é lókè òkun, pé ó ń sọ iye ìwé tó tẹ̀ àti iye tónà tó kù fún wọn. Sùnmọ́nù yíjú wo ẹ̀rọ náà bí èèyàn ṣe ń wo ìyekan tó ń ṣòfófó. Láti ìgbà náà, kò sọ̀rọ̀ pàtàkì kankan nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bó bá fẹ́ bá Jemilat sọ̀rọ̀, á ṣẹ́jú sí i, wọ́n á bọ́ síta, wọ́n á dúró sábẹ́ agbòòrùn ẹni tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jíròrò iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, àti ohun tí wọ́n máa jẹ. Jemilat kọ́kọ́ ń bínú. Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé ọkọ òun, tí kì í sọ tinú rẹ̀ nílé, ti wá ń sọ gbogbo rẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn.

Ibẹ̀ náà ló ti sọ fún un lọ́dún tó kọjá pé àyà ń dun òun, pé ó ti tó ọjọ́ mélòó kan. Ó sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́, ó ń wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n gba oògùn, ara rẹ̀ yá díẹ̀. Òjò ọdún náà kò tíì dá tó fi sùn, tí kò jí. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí, àwọn atẹ̀wé sì ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa ní gbogbo òpópónà náà.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Jemilat padà sí ẹnu iṣẹ́. Abigail wá kí i, Débọ̀ wá, Jennifer wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Oníkálukú ló mú ìtàn tirẹ̀ wá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Débọ̀, tó ń sọ pé ká ní òun mọ̀ pé rìbá ni, òun ì bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n tú ká. Jemilat ti ilẹ̀kùn, ó sì dá nìkan gba ọ̀nà ilé.

Ní ìyànà, ó dúró lọ́dọ̀ Aneesah tó ń sun bọ̀ọ̀lì. Ó béèrè eélòó ni. Aneesah pe iye kan. Jemilat ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń ka owó náà jáde, ṣùgbọ́n Aneesah kò na ọwọ́.

"Àǹtí, ẹ ò ní ná an ni?"

Jemilat ní kò sí okun nínú òun.

"Iye tí mo pè yẹn, mo pè é kí ẹ lè rí nǹkan yọ níbẹ̀ ni," Aneesah ní. Ó ń fẹ́ iná tí kò nílò fífẹ́. "Láti ìgbà tí Alhaji ti lọ, kò sẹ́ni tó ń bá mi jà mọ́. Wọ́n kàn ń san án, wọ́n ń lọ."

Jemilat fa bẹ́ǹṣì kékeré tó wà níbẹ̀ mọ́ra, ó jókòó, ó dá owó padà sínú pọ́ọ̀sì. Ó wo bọ̀ọ̀lì náà, ó ní ó kéré, ó ní ẹ̀gbẹ́ kan ti jó jù, ó sì pe ìdajì. Aneesah ní bóyá Àǹtí fẹ́ kí òun kó lọ sábúlé ni. Jemilat gòkè díẹ̀, Aneesah sọ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n. Kò sí ẹni tó ń yára nínú àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń ná an títí bọ̀ọ̀lì náà fi tutù.