Ibi tí Ìyá Àgbà Yóò ti Yáná

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọdé tí wọ́n ń rán lọ ṣẹ́ igi ìdáná, abà ni à ń gbé, ní ọ̀nà Atosin, láàárín oko kòkó bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹ bá gbọ́ abà, ẹ má rò pé ìyà ni. Ilé amọ̀ ni, ó nípọn, ó sì máa ń móoru. Èmi àti ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, la jọ ń sùn nínú yàrá kan. Iná máa ń wà láàárín wa láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ìyá àgbà ti darúgbó nígbà náà, orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ òtútù rárá. Iṣẹ́ mi ni láti ṣẹ́ igi, láti fọn iná, kí n sì na ọwọ́ sí i nígbà tó bá fẹ́ dìde. Iṣẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí n tètè wọ ilé ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ìlú ti ń kàwé fún ara wọn, èmi kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú.

Nígbà tó yá, kòkó ṣe dáadáa, bàbá mi sì ra ilé kan ní Aládé, ní Ìdànrè. Ó rà á ni o, kò kọ́ ọ. Oníṣòwò kòkó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló tà á fún un. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, páànù wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi ẹfun kun inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Bí èèyàn bá fara ti ògiri rẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ á funfun. Bàbá mi kì í fọ́nnu, ṣùgbọ́n ní ọdún náà, ó máa ń gba iwájú ilé yẹn kọjá nígbà tí kò ní nǹkan kan tó ń lọ ṣe lọ́hùn-ún.

Ó ní ìyá òun kò ní kú sí abà. Ó wá pè mí, ó ní, "Bí ìyá àgbà bá dúró ní ìlú, wàá lọ sí ilé ìwé. Bí kò bá dúró, ẹ jọ máa padà ni. A kò lè fi arúgbó sílẹ̀ lóun nìkan."

Mo gbọ́ ọ yé mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ojú ìyá àgbà bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ la kó lọ. Ẹni tí kò bá tíì lo ọyẹ́ lábẹ́ àpáta Ìdànrè lè rò pé òtútù kò sí ní ilẹ̀ wa. Ní ìdájí, afẹ́fẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì á sì tutù bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Ìyá àgbà wọlé, kò wo àjà, kò wo fèrèsé. Ó dúró ní àárín yàrá tí wọ́n fún un.

Ó ní, "Ilé yìí dára, ọmọ mi. Níbo ni màá ti yáná?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹ kò rí páànù ni?"

"Mo rí i. Ṣé páànù ni màá na ọwọ́ sí?"

Èdè Ìdànrè ló fi sọ ọ́, ó sì mú ju bí mo ṣe kọ ọ́ yìí lọ.

Àbúrò bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́, ló kọ́kọ́ gbé iná wá. Sitóòfù oníkẹrosíìnì ni, tuntun, ó ń dán. Ó gbé e ka iwájú ìyá àgbà, ó ṣáná sí i. Ó ní, "Ìyá, iná òyìnbó rè é. Kò ní èéfín, kò ní eérú." Ìyá àgbà na ọwọ́ sí i, ó yí àtẹ́lẹwọ́ padà, ó sì fà á sẹ́yìn.

"Iná tó ń rùn bí mọ́tò! Ṣé ẹ fẹ́ wà mí lọ sí Àkúrẹ́ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àbúrò bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà wú ikọ́ mọ́jú, sitóòfù sì bá ẹni tó gbé e wá padà.

Bàbá mi kọjá sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó ní kó rọ àdògán kan fún òun, èyí tí ìyá òun lè máa fi èédú sí. Àdògán náà dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa. Àmọ́, bí èédú bá ń jó, kò sí ẹni tó lè sún mọ́ ọn. Kété tí èédú bá sì ti ń rọlẹ̀, irin á ti tutù. Ìyá àgbà ní àna tó wá kí èèyàn ni: ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í sùn mọ́jú.

Ìyá mi, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ àárín ìyá àti ọmọ, sọ ọ́ jẹ́ẹ́ pé, "Iná igi ni Ìyá ń wí. Iná inú yàrá."

"Kí èéfín wá ba àjà mi jẹ́?" Bàbá mi mi orí. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn la máa dá a sí. Màá wá òkúta tó dára."

Ó lọ sí ibi tí odò ti ń ṣàn jáde ní ẹsẹ̀ àpáta, ó wọ inú omi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan òkúta mẹ́ta. Wọ́n rí roboto, wọ́n ń dán, wọn kò tóbi jura wọn lọ. Ó tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn aládùúgbò wá wò ó, wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ó ní òkúta ìlú wa ni, kò sí iná tí yóò rí i gbé ṣe. Kò sí ẹni tó bi ìyá àgbà léèrè.

Ọjọ́ tí àwọn ará ìjọ Aládùúrà wa wá gbàdúrà sí ilé náà ni wọ́n kọ́kọ́ dáná sí àárín òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà. Ẹ̀wà wà lórí iná. Ìyá àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ti na ẹsẹ̀ síwájú. Àdúrà ti ń gbóná, a ti ń ṣe Àmín lé Àmín, àfi gbàù! Òkúta kan fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kí a tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èkejì tún dún. Eérú bo gbogbo wa, ẹ̀wà dà sílẹ̀, bàbá ìjọ kan tó wọ aṣọ funfun fo bẹ́ǹṣì kọjá bí ọmọ ogún ọdún. Obìnrin kan ké pé ẹni tó ta ilé fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ̀mí burúkú ni!"

"Ẹ̀mí wo?" Ìyá àgbà kò tilẹ̀ mira. "Omi ni. Òkúta tó ti ń mumi láti ayé baba ńlá wa, ẹ gbé e ka iná lọ́sàn-án kan. Kí lẹ rò pé ó máa ṣe?" Ó wá yíjú sí bàbá mi. "Orí òkúta, lókè Ìdànrè, ni àwọn baba rẹ gbé títí ayé wọn. Ìwọ kò mọ òkúta odò yàtọ̀ sí ti orí ilẹ̀."

"Ìyá, ẹ kò sọ fún mi."

"O kò bi mí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà pè mí, ó ní kí n lọ di ẹrù wa, pé a ó padà sí abà lọ́la. Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn, nítorí ìbínú a máa rọ̀. Mò ń di ẹrù sínú ẹní. Mo mọ̀ pé ilé ìwé mi ni mò ń dì sínú ẹní yẹn.

Ibi tí mo ti ń dì í ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá mi, tó ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ dá ògiri lu."

"Ògiri wo?"

"Ti yàrá Ìyá, ní ìsàlẹ̀ àjà. Èmi á mọ ààrò sí ìdí rẹ̀, èéfín á máa gba ibẹ̀ jáde."

"Ìyá ọmọ, ilé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni kí n dá lu?"

"Torí ta lẹ ṣe rà á?"

 Bàbá mi jáde, ó dúró níwájú ilé náà, ó wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé padà, òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó gun orí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri funfun tó ń yangàn rẹ̀. Bó ṣe ń lù ú ni ẹfun ń dà sí i lórí. Ìyá àgbà ti ẹnu ọ̀nà wọlé.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń la ọ̀nà fún èéfín, Ìyá."

 Ìyá àgbà wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, bó ṣe funfun bí egúngún. Ó ní, "Gbé e sókè díẹ̀ sí i. Èéfín kì í bẹ̀rẹ̀ kó tó jáde."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyìn láyé mi. N kò gbọ́ èyí tó dùn tó ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá mi lọ wa amọ̀ òkìtì ọ̀gán. A fi ẹsẹ̀ gún un pọ̀ mọ́ koríko tí a gé wẹ́wẹ́. Ìyá mi mọ ààrò náà ti ògiri, ó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kó lè máa darí èéfín lọ sí ojú ihò. Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí, ó ń pàṣẹ. Nígbà tó yá, ó káṣọ sókè, ó ki ọwọ́ bọ amọ̀. Ó fi orúnkún ara rẹ̀ wọn bí ẹnu ààrò yóò ṣe ga tó. A jẹ́ kó gbẹ, a sì fi iná kékeré mọ́ ọn lára kí a tó dá ńlá. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹrù wa ṣì wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí yàrá náà kọ́kọ́ móoru, ìyá àgbà na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó wò mí.

"Kí ni ẹrù yẹn ń ṣe níbẹ̀? Àbí ìwọ nìkan fẹ́ padà sí abà?"

N kò mọ ìgbà tí mo tú u.

Mo wọ ilé ìwé. Èmi ni mo ga jù ní kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Èéfín máa ń rùn lára mi, àwọn ọmọ ilé ìwé sì sọ mí ní Ẹran Yíyan. Kò dùn mí. Ojú ààrò yẹn ni mo ti kọ́ A, B, D, ìyá àgbà ń tún un pè lẹ́yìn mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá ṣì í. Bí àlejò bá wá, tó rí ihò dúdú lára ògiri, tó béèrè ẹni tó ba irú ilé báyìí jẹ́, bàbá mi á na àyà, á ní, "Èmi ni. Ìyá mi wà nínú ilé." Ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè lọ. Wọ́n á fa àpótí, wọ́n á na ọwọ́ sí iná. Ìyá àgbà lo ọ̀pọ̀ ọyẹ́ nínú yàrá náà, ibẹ̀ ló sì sùn tí kò jí mọ́, ara rẹ̀ móoru.

Ayé ti yí. Gáàsì ni èmi náà fi ń dáná báyìí, láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti fi mí sílẹ̀ lọ sọ́run. Omi tíì kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti jókòó tì í. Nínú ilé kan náà, kálukú á ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Nígbà tiwa, ooru là ń wá kiri. Lónìí, òtútù ni wọ́n ń fi owó rà, wọ́n á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ ara ògiri. N kò bú wọn. Ìgbà ló nílé ayé.

Ọmọ mi ra ilé kan láìpẹ́ yìí. Ó mú mi yí i ká, ilé náà dára, mo sì yìn ín. Nígbà tí a dé yàrá tó ní tèmi ni, ó dúró. Kò fi ẹ̀rọ kankan hàn mí. Ó ní, "Bàámi, wọn ò tíì kun ibí. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe sí i?"

Mo wò ó, inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bàbá mi, tí mo fi ń yangàn títí di òní, òkúta fọ́ mọ́ ọn lójú kó tó yé e pé ó yẹ kó béèrè. Ọmọ yìí kọ́kọ́ béèrè ni.

N kò tíì fún un lésì. Mo ní kó jẹ́ kí n sun ibẹ̀ mọ́jú ná.