Ohùn Ìyá Gbénga ní Ọ̀sẹ̀ Ẹ̀kọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó kúrò ńlẹ̀: n kò fẹ́ràn Ọ̀sẹ̀ Ẹ̀kọ́ rí. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá wa báyìí, ó ti rẹ̀ mí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún gbáko la ó fi máa to àga, tí a ó tún máa tú u tò, tí a ó máa lé ewúrẹ́ kúrò lórí pápá, tí ọmọ kan yóò sì bì sára aṣọ tí màmá ẹ̀ lọ yá lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe tíṣà, mo sì ti pariwo tó lórí pápá ilé-ìwé wa ní Ìgàndò yìí. Ṣùgbọ́n ti ọdún 1989 kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí Ìyá Gbénga.

Mísìsì Cecilia Akínlẹ́yẹ lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé, ará Ìkéré-Èkìtì ni. Pírámárì Wáàn ló ń kọ́, èmi ń kọ́ Pírámárì Tuu. Abẹ́ páànù gígùn kan náà la wà, ògiri tó sì là wá láàárín kò ga ju àyà èèyàn lọ. Tó bá ní kí àwọn ọmọ tiẹ̀ wí tẹ̀lé òun, àwọn tèmi náà á máa dáhùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń kígbe bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rin ọmọ ló wà níwájú ẹ̀ lọ́dún náà, ó sì ku ọdún kan kó fẹ̀yìntì.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni ohùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó jẹ orógbó. Ó lá oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá, pásítọ̀ fi òróró ra á lọ́rùn. Kàkà kó sàn, ńṣe ló ń le sí i, títí ó fi jẹ́ pé èémí lásán ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Dókítà ní kó má sọ̀rọ̀ rárá fún oṣù mẹ́ta. Ó gba síléètì lọ́wọ́ ọmọ kan, ó kọ ohun tí dókítà wí síbẹ̀, ó nà án sí mi lórí ògiri, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá, mà."

Ó mi orí. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọ̀gbẹ́ni Simeon tó ń kọ́ Pírámárì Fọ́ọ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ojú ẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé e lọ. Àwa méjèèjì la jọ lọ kí i. Orí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà la bá a, kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n fún un. Ohun tí gbogbo ẹni tó ń wọlé ń bi í kò ju ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lọ. 

Ìyá Gbénga wá sún mọ́ mi lára ògiri, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Julius, inú kíláàsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n parí ẹ̀ síbẹ̀ jàre. Ọdún kan péré ló kù."

Mo gbà. Bí mo ṣe di ohùn ẹlòmíràn nìyẹn. Láàárọ̀, èmi ni mo máa ń pe orúkọ ọgọ́rin ọmọ láti orí ògiri, kí n tó wá pe ti àwọn tèmi. Tó bá kàn án láti dá orin lórí ìlà, màá ti dá a kó tó gbẹ́nu sókè. Tí ọ̀gá wa, Mísìsì Ṣóbọ̀wálé, bá ń bọ̀, màá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá Gbénga á kọjú sí pátákó, á máa kọ nǹkan. Wàhálà ni, n kò ní purọ́. Ìgbà míì wà tí mo bá délé tí ìyàwó mi bá mi sọ̀rọ̀ tí n kò lè dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo ló tù mí lára nínú gbogbo ẹ̀: ariwo Pírámárì Wáàn dáwọ́ dúró. Ìyá Gbénga á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìlà bẹ́ǹṣì kan, á ka ọ̀rọ̀ sí wọn létí, á tún lọ sí ìlà kejì. Tí mo bá wo apá ọ̀dọ̀ wọn, màá rí wọn tí ẹnu wọn ń ṣí, tó ń pa dé, ariwo kankan kò sì dé etí mi. Inú mi ń dùn ṣá. Mo rò pé wọ́n ti ń gbọ́n ni.

Ọ̀sẹ̀ Ẹ̀kọ́ dé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè a to àwọn ọmọ lọ sí ọ̀nà Ẹgan, a tún tò wọ́n bọ̀, oòrùn pa wá bí ẹran. Ìdíje ìbéèrè ló wà lọ́jọ́ Túsìdeè. Ọ̀gá ní kí Ìyá Gbénga wá máa ka ìbéèrè, mo sáré ní ọ̀fìnkìn ń ṣe é, mo gba ìwé náà, mo kà á títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ la kó jáde lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, a to ìgbálẹ̀ àti ẹní rẹrẹ sórí tábìlì, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ọjà Ìkọ̀tún ni àwọn òbí ti rà wọ́n. Àbí ọmọ ọdún mẹ́fà wo ló ń hun ẹní? Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni ká múra bí oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí oníṣẹ́ ọ́fíìsì. Dókítà mọ́kàndínlógún la ní, bíríkìlà kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ mi ti wú.

Jímọ̀ ni ọjọ́ tó ń já mi láyà. Ọjọ́ náà ni àwọn òbí ń wá, ọ̀gá sì ti pe alábẹ̀wò kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Pírámárì Wáàn ló máa ń kéwì kan kí ètò tó parí, tíṣà wọn ló sì máa ń dúró níwájú, tó máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kà. Mo ti ro tèmi tán. Mo ní kí Ìyá Gbénga kàn dúró tì wọ́n, èmi ni màá sọ ọ́, màá sì ka ìlà àkọ́kọ́ fún wọn. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ewì náà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbọn ọ́n.

Orí pápá kún. Àwọn òbí wá láti Ìṣẹ̀rí-Olófin àti láti Gowon Estate, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń pariwo pe ọmọ wọn. Mo sọ èyí tó yẹ kí n sọ. Mo fi gbogbo agbára mi ka ìlà àkọ́kọ́. Ọgọ́rin ọmọ wo ojú Ìyá Gbénga. Ó gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

Mo jí, mo wẹ̀, mo wọ yunifọ́ọ̀mù mi,
Ìyá mi di oúnjẹ mi sínú ike.
Kíláàsì wa kò nílẹ̀kùn, kò ní kọ́kọ́rọ́,
Ẹ wọlé, ẹ̀kọ́ kò lé ẹnì kankan.

 Ojoojúmọ́ ni mo ń rí wọn láti orí ògiri, ojoojúmọ́ ni inú mi ń dùn pé wọ́n dákẹ́, kò sì sọ sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọn yóò ṣe kà á. Èmi tí mo pe ara mi ní tíṣà. Ó dùn mí títí di òní.

Ọ̀gá ní, "Ẹ gbóhùn sókè, ẹ̀yin ọmọ." Wọ́n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, bákan náà. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn lẹ́nu mọ́, wọ́n ń na ọrùn kí wọ́n lè gbọ́. Pápá náà pa rọ́rọ́. N kò gbọ́ irú ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí. Wọ́n kà á tán, kò sì sí ẹni tó fo ọ̀rọ̀ kan lára wọn.

Alábẹ̀wò náà béèrè ìdí tí wọ́n fi ń kà á bẹ́ẹ̀. Ìdíátù, ọmọbìnrin kékeré kan tó wà níwájú, kúnlẹ̀, ó ní, "Bí Tíṣà wa ṣe máa ń kà á nìyẹn, sà."

Ọ̀gá yíjú sí Ìyá Gbénga. "Mísìsì Akínlẹ́yẹ, ẹ bá wa kà á."

Ó la ẹnu. Mo fẹ́ bá a kà á, ṣùgbọ́n ibo ni mo ti fẹ́ gbà? Gbogbo ojú ló wà lára ẹ̀. Ètè ẹ̀ ń mì, èémí ń jáde, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nìkan ló sì gbọ́. Alábẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀.

Ọ̀gá kì í ṣe ìkà. Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, ó wá bá wa lábẹ́ páànù, ó ní, "Ẹ ò bá ti sọ fún mi, mà."  Ìyá Gbénga ń ká aṣọ tó fi tẹ́ tábìlì.

Ọjọ́ kẹwàá ni lẹ́tà dé: wọ́n ní kí Ìyá Gbénga máa bọ̀ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ó kó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ fún mi, ó kó rẹ́jísítà fún mi. Ó fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì ìlà iwájú, ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Èmi tí mo ní ohùn.

Kò sí tíṣà mìíràn tí wọ́n fẹ́ fún wa, torí náà wọ́n kó àwọn ọmọ ẹ̀ mọ́ tèmi. Láàárọ̀ Mọ́ńdè mo dúró láàárín ibi tí ògiri ti pín wọn, mo kígbe, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ." Àwọn tèmi pariwo dáhùn, páànù ń dún. Àwọn tiẹ̀ náà dáhùn. Mo rí ẹnu wọn tó ń ṣí, tó ń pa dé.

Mo kọ "a" sójú pátákó, mo tún kígbe. Ìdíátù nawọ́ sókè. Ó ní, "Sà, tíṣà wa máa ń sún mọ́ wa ni."

Ó ti rẹ̀ mí gan-an lọ́jọ́ náà. Mo lọ síwájú ìlà àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì kà á sí wọn létí.