Ọjọ́ tí Omi Jáde Lábẹ́ Ọkọ̀ Pupa

Ẹni méjì péré ni ọkọ̀ náà ń gbà, bẹ́ẹ̀ ilé wa kún. Dírẹ́bà òyìnbó kan tó ń ra tábà ní Ṣakí ni ọkọ mi nígbà náà. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílùú rẹ̀, ó ta ọkọ̀ tó fi ń ṣe fàájì fún un. Ọkọ̀ pupa ni, imú rẹ̀ gùn, ó sì kúrú nílẹ̀ débi pé bí o bá jókòó sínú rẹ̀, ojúgun èèyàn ni wàá máa wò lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Ọ̀pọ̀lọ́. Ó ti gbó kó tó dé ọwọ́ wa, ṣùgbọ́n kò hàn lára rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé bó bá fi ìdajì ìtọ́jú yẹn tọ́jú mi, ǹ bá ti padà di omidan.

Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, títì ọlọ́dà lo bá. Eruku ni tiwa. Bí ọ̀yẹ́ bá ti mú, eruku á wọ ọkọ̀, á wọ imú, á wọ oúnjẹ tí a dì lọ́wọ́. Ọkọ mi kórìíra rẹ̀. Ó rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ kan lábẹ́ ọkọ̀, ó ní ibẹ̀ ni eruku ń gbà wọlé. Ó bu òwú, ó rì í sínú ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, ó fi dí gbogbo wọn pátá. Eruku dín kù lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kó tó lọ kírun, á fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ ọkọ̀ náà láti òkè délẹ̀.

Ọdún mélòó kan kọjá. Nínú ọ̀yẹ́, à ń lọ kí àwọn èèyàn mi ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Bí a ṣe ń yà níbi kọ́nà, mo gbọ́ omi tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí omi inú ìkòkò ṣe ń mì lórí ẹni tó ń ti odò bọ̀.

"Bàbá Ìbejì, omi wà nínú ọkọ̀ yìí."

"Omi wo, nínú ọ̀yẹ́? Ebi ló ń pa ọ́."

"Ebi kì í dún bí omi."

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín tí ọkọ̀ fi já sí kòtò. Nǹkan kan ya lábẹ́ wa, ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi ṣí fúnra rẹ̀. A tì í títí, kò padé mọ́. Ọkọ̀ ti tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ arúgbó. Gèlè mi ni mo fi so ilẹ̀kùn náà mọ́ ìjókòó títí a fi délé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olórí agbo ilé wa, wá yí ọkọ̀ náà po.

"Irin tó dáa nìyí. Àwọn alágbẹ̀dẹ á rí àdá rọ lára rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, mo máa tún un ṣe."

"Ibi tó wà yẹn ni mo ti fẹ́ so àgbò mi. Bí Iléyá bá bá a níbẹ̀ tí kò lè rìn, àwọn alágbẹ̀dẹ ló ni ín."

Bí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ̀rọ̀ nílé wa, abẹ gé e. Ọkọ mi kò jẹun dáadáa mọ́. Láti ìgbà èwe rẹ̀, ọkọ̀ ẹlòmíràn ló ń wà. Ìyẹn nìkan ló jókòó sínú rẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín.

A pe wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀ nítòsí gáréèjì. Ó wo ara ọkọ̀ tó ń dán, ó ní òun kò rí nǹkan kan.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀," mo ní, "níbi tí omi ti ń mì."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi sukudíráfà gún ibi ìtẹ̀sẹ̀ abẹ́ ilẹ̀kùn, tó ní ihò nínú bí ọparun. Sukudíráfà wọlé dé èkù.

"Àkàrà lẹ ń gùn kiri," ó wí. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ ba òwú dúdú kan. Ó fà á yọ, omi pupa bí osùn sì dà sí i lójú.

Ọkọ mi wo òwú náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi tó fi ń wẹ ọkọ̀ ń gba etí gíláàsì wọlé, àwọn ihò yẹn ló yẹ kó gbà jáde. Inú ló ti jókòó, tó ń mú irin dípẹtà lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán.

"Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á."

"Kò tíì kú," wẹ́dà ní, ó ń nu ojú. "Òkú kì í tọ̀."

Wọ́n gbé ọkọ̀ lé àwọn odó mi kó má baà ṣẹ́ sí méjì, a kò sì gún iyán títí iṣẹ́ fi parí. Wẹ́dà gé irin tó ti jẹrà, ó ń já bọ́ bí èèpo iṣu tó jóná. Ó la àgbá epo kan, ó fi dípò rẹ̀. Ọkọ mi ló di irin mú fún un, tí iná ń ta sí i lápá. Èmi rántí pé òrí la fi ń pa àdá tí a bá fẹ́ gbé pamọ́, kó má baà dípẹtà. Mo yọ́ òrí, a dà á sínú ìhà ọkọ̀ náà lọ́tùn-ún lósì.

"Eruku ńkọ́?" ọkọ mi béèrè, ojú rẹ̀ wà lára àwọn ihò tí a ti yọ òwú wọn.

"Ẹ jẹ́ kó wọlé," mo ní. " A ó máa gbá a."

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ẹ̀gbọ́n fa àgbò dé, búta àlùwàlá wà lọ́wọ́ kejì. Ọkọ mi ti ilẹ̀kùn, ó padé. Ó wa ọkọ̀ yí ilé po, kò tẹ̀.

"Ó rìn lónìí," ẹ̀gbọ́n ní. "Omi ló pa á, omi náà ni yóò tún pa á."

Mo kúnlẹ̀, mo gba búta lọ́wọ́ wọn, mo da omi rẹ̀ sí etí gíláàsì. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, à ń wo abẹ́ ọkọ̀. Kò sí nǹkan. Ọkọ mi di ojú. Àfi bí omi ṣe kán, tó tún kán, tó sì ń ṣàn jáde, ó mọ́ gaara. Ilé hó. Ẹ̀gbọ́n lọ so àgbò wọn mọ́ odó mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọ agbádá dé, wọ́n wá dúró tì mí lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ìyàwó, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Mo bọ́ọ́lẹ̀ fún wọn. Ọkọ mi rọra ń wà á lọ sí Yídì, gbogbo wa ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọmọdé ń pariwo Ọ̀pọ̀lọ́. Ìgbà tí a débẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ dìde, ọkọ̀ kúrú, agbádá wúwo. Wọ́n gbìyànjú, wọ́n tún padà jókòó.

"Ìyàwó, fà mí."

"Bàbá wa, ṣé kí n pe àwọn alágbẹ̀dẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo fà wọ́n jáde.