Dókítà Tí Àpèkẹ́ Ń Wá, Tí Bàbá Ṣótúndé Ń Rí

Àpèkẹ́ Ìyá Oyèníkẹ́ ti kú, a sì ti sin ín. Ìsìnkú náà dára gan-an. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kánò ló gbé òkú rẹ̀. Wọ́n fọ bọ́ọ̀sì náà mọ́ tónítóní, wọ́n so rìbọ́nì mọ́ iwájú rẹ̀. Alága wa, Bàbá Ṣótúndé, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó ti dígí rẹ̀ sókè lórí imú, ó ní, "Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. A ò gbọ́ ìráhùn lẹ́nu rẹ̀ rí." Ìgbà téèyàn bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ fojú sí dígí yẹn o, torí mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹun ní Sábọ́n Gàrí mọ Àpèkẹ́. Mọ́ínmọ́ín rẹ̀ ni àwọn ará Railway Quarters ń rìn wá jẹ láàárọ̀, tí àwọn oníṣòwò Fagge ń ránni wá rà. Ẹ̀rín rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́ ẹ tó rí ìkòkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò ńlá tó ń dá gbé lẹ́yìn ìbímọ kò dára fún un, ilé ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tí ojú bá ń tì, kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá wúkọ́, ìtọ̀ á jò. Bó bá sín, á jò. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

Kí ni obìnrin yìí wá ṣe? Ó fòfin de àwàdà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Jethro, mẹkáníìkì ọmọ Jos tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ẹ̀fẹ̀, ló kọ́kọ́ lé jáde. "Jethro, abeg, na window you go dey collect your food," ló wí fún un. "If you enter, I go laugh. If I laugh, I go change wrapper." Láti ọjọ́ náà, inú oòrùn ni Jethro ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ó pa ẹnu mọ́ bí ọmọ tí tíṣà lé síta. Obìnrin tó fẹ́ràn ẹ̀rín ju oúnjẹ lọ wá ń sá fún ẹ̀rín. Ó dùn mí títí dòní.

Ẹ máa ní, kí ló dé tí kò lọ rí dókítà? Ó lọ kẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìbínú mi wà. Àṣà ẹgbẹ́ wa ni pé opó bíi tirẹ̀ kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin àjèjì. Alága ni yóò bá a lọ, alága ni yóò sì sọ ọ́. Ojú sì ń ti alága ju opó lọ.

Ní ilé ìwòsàn kan ní Fagge, Bàbá Ṣótúndé sọ̀rọ̀ ọyẹ́, ó sọ̀rọ̀ Kánò àtijọ́, ó wá ní ara ò le. Dókítà wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó rí i pé ó ga. Bàbá gba oògùn. Wọ́n fún Àpèkẹ́ ní oògùn ibà, torí ó ṣáà ti wá. Ní òmíràn ní Nassarawa GRA, nọ́ọ̀sì ní kí Bàbá fọwọ́ kan ibi tó ń dun aláìsàn lára àwòrán obìnrin tó wà lára ògiri. Bàbá wo àwòrán, ó wo àjà, ó ní òun ò ríran dáadáa. Wọ́n darí rẹ̀ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Ibi tí dígí ti wá nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àpèkẹ́ kò dákẹ́ mọ́. Ní ilé ìwòsàn ìjọba, ó fa Bàbá ní agbádá sẹ́yìn, ó sì fi Hausa sọ gbogbo rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ yé lójú ẹsẹ̀. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n kọ orúkọ dókítà abẹ́ obìnrin sí, wọ́n nù ún ó ń dán. "Hajiya, likita ba ya nan." Dókítà ò sí níbẹ̀. Ó ti jápa lọ sí Kánádà, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ṣì ń wá síṣẹ́. Ìgbà wo lòmíràn ń bọ̀? "Sai hakuri." Sùúrù! Ṣé sùúrù ló máa gbé ilé ọmọ padà sókè?

Nọ́ọ̀sì ní dókítà kan wà ní ìlú mìíràn. Àpèkẹ́ bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì gbé òun lọ, torí kò lè jókòó pẹ́ sáàárín àwọn àjèjì kí aṣọ rẹ̀ má tutù. Wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òfin ẹgbẹ́ ni pé òkú nìkan ni bọ́ọ̀sì ń gbé. Wọ́n gbàdúrà ìparí. Nígbà tó yá, ìtọ̀ há a, àìsàn náà gòkè dé kíndìnrín, Àpèkẹ́ sì wá lẹ́tọ̀ọ́ sí bọ́ọ̀sì.

Oyèníkẹ́ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí sí Kánò, gbọ́ ọ̀rọ̀ alága lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè dópin, ó ní, "Baba, all the doctor wey una go see, na you dem treat. My mama nko?" Bàbá bọ́ dígí, ó ń nù ún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Jethro wọ ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e. Ó sunkún díẹ̀, ó wá dá àpárá kan nípa ara rẹ̀ àti fèrèsé yẹn, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti rí Bàrákátù, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó dì í pinpin, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo mọ ìjókòó yẹn. Ìjókòó Àpèkẹ́ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣàkóso ìlera, mi ò fẹ́ ìwé ìbánikẹ́dùn. Ta ló máa jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ọjọ́ wo ló sì ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ dá wa lóhùn ní gbangba, tàbí kẹ́ ẹ yọ orúkọ náà kúrò, ká mọ̀ pé ògiri là ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá Ṣótúndé, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti wálẹ̀, ojú yín sì ti ń ríran dáadáa. Ẹ fi wo obìnrin tó wà láàyè. Ní ìpàdé Sunday yìí, ẹ dìde kẹ́ ẹ sọ fún wa ìdí tí bọ́ọ̀sì fi ń dúró de ikú, kẹ́ ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé Bàrákátù lọ́wọ́. Òun ló máa bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin, ẹ dúró sínú mọ́tò.

Jethro ní òun ní àpárá kan tó dùn ju gbogbo èyí tóun ti dá rí lọ. Ó ní òun ò ní í sọ ọ́ títí Bàrákátù yóò fi padà dé.